Ẹ̀yin ọmọ mẹ́dísìn, ẹ má fi ojú Instagram wo plastic surgery

Akẹ́kọ̀ọ́ kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Plastic surgery ni mo fẹ́ ṣe." Inú mi dùn, torí iṣẹ́ tèmi nìyẹn, iṣẹ́ abẹ tó ń tún ara tó bàjẹ́ mọ. Mo bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ló ti dúró wò wá níbi tí a ti ń wẹ egbò iná. Kò dúró rí. Àmọ́ ó ti sanwó kọ́ọ̀sì Botox, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń na ojú tó hunjọ, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, owó tí ìyá rẹ̀ fi èlùbọ́ títà kó jọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Òun kọ́ ni àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Èkíní, ẹ má tíì náwó. Ọdún 6 ni MBBS, oyè dókítà, ọdún kan ni ẹ ó fi ṣe houseman, ìyẹn dókítà tuntun tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà, ọdún kan ni ti àgùnbánirọ̀. Ẹ tún máa jókòó ṣe ìdánwò primary, ìdánwò àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ abẹ, kẹ́ ẹ tó wá àyè residency, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà di ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ. Kò sẹ́ni tó máa béèrè ìwé ẹ̀rí Botox lọ́wọ́ yín ní West African College of Surgeons, ẹgbẹ́ tó ń dán àwọn oníṣẹ́ abẹ wò. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń rán awọ, ẹ ra ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ tọrọ òwú tí ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀ ní tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ, kẹ́ ẹ máa rán an lálaalẹ́.

Èkejì, ẹ má rò pé ẹwà nìkan niṣẹ́ yìí. "Plastic" yẹn kì í ṣe ike. Inú èdè Gíríìkì ló ti wá, ohun tó ṣeé mọ bí amọ̀ ló túmọ̀ sí. Ojú àwọn sójà tí ìbọn fọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni dókítà oníṣẹ́ abẹ Harold Gillies ń tún mọ ní Sidcup, nílẹ̀ England, láti 1917. Tiwa níbí, iná ló pọ̀ jù: kẹrosíìnì tí wọ́n da bẹntiróòlù mọ́, ẹni tí wárápá gbé sínú iná, tánkà tó gbiná lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ẹ fi ìka tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ gé kún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ kan. Ọmọ ọdún 6 ni. Epo àkàrà gbígbóná ló dà sí i lọ́rùn. Wọ́n fọ́ ẹyin lé e, wọ́n fi epo pupa kùn ún, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ nílé. Egbò jinná lóòótọ́, àmọ́ àpá sún kì, ó fa àgbọ̀n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àyà. Ètè ìsàlẹ̀ yí síta, itọ́ ń ṣàn lé aṣọ. Bó bá fẹ́ wo ojú ìyá rẹ̀, gbogbo ara ló fi ń dà sẹ́yìn.

Akẹ́kọ̀ọ́ 4 ló wá lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. A la àpá náà, ọrùn ṣí. A bó awọ tín-ín-rín láti itan rẹ̀, a rán an sójú egbò, a di fóòmù lé e kó má baà yẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún la tú u. Kò sí ìkankan nínú àwọn 4 yẹn níbẹ̀. Omi iyọ̀ la fi ń rẹ bándéèjì náà díẹ̀díẹ̀, kó má baà fa awọ tuntun ya. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn kúrò, awọ náà ti mú, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ìyá rẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi ti tún ní ọrùn." Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi wọ kọ́là lẹ́yìn náà kí àpá má tún sún kì. Ẹni tó bá tíátà nìkan wá kò tíì rí iṣẹ́ wa rárá.

Mo mọ̀ pé òórùn ló ń lé yín. Ó lé èmi náà nígbà tí mo wà ní 500 level, torí egbò tí kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ́ Pseudomonas bá wọ̀ máa ń rùn, omi rẹ̀ a sì dà bí ewé. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló fi fọ́sẹ́ẹ̀pù sí mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Dókítà, ẹ bá mi mú un." Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí mo fẹ́ fi ayé mi ṣe.

Ẹ má fi ìṣirò omi tí a ń fà sára ẹni tí iná jó ṣeré. Mílílítà 4, lọ́nà kílò aláìsàn, lọ́nà iye ara tó jó nínú 100. Ẹni kílò 60 tí 30 jó nínú 100 ara rẹ̀, 7,200 mílílítà ni fún wákàtí 24, ìdajì rẹ̀ ní wákàtí 8 àkọ́kọ́. Ìgbà tí iná jó o lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kì í ṣe ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bó bá jóná láago 8, tí wọ́n gbé e dé láago 12, wákàtí 4 péré ló kù fún 3,600 yẹn. Kẹ́ ẹ sì máa wo ìtọ̀ rẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kà á sódì, kíndìnrín aláìsàn ló jìyà rẹ̀.

Ẹ má ya fọ́tò ojú aláìsàn láìgbàṣẹ.

Ẹ má gé kélóìdì, àpá tó wú kọjá ojú egbò, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìfi ìtọ́jú mìíràn tẹ̀ lé e. Ó sábà máa ń padà wá, ó sì lè tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ má lé ìyá tí ètè ọmọ rẹ̀ là padà sílé pé kó lọ wówó. Smile Train, àjọ aláàánú kan, máa ń sanwó iṣẹ́ abẹ yẹn láwọn ọsibítù tó ń bá wọn ṣiṣẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun la máa ń wẹ egbò, láago 7. Ẹ wọ bàtà tó ṣeé fọ̀ wá, kẹ́ ẹ sì jẹun kẹ́ ẹ tó dé.