Bí a ṣe ń fi Dúdú borí pẹ̀lú ìdáàbòbò Caro-Kann

Ní ọdún 1885, ní ìlú Hamburg ní Jámánì, Marcus Kann fi Dúdú borí Jacques Mieses nínú ayò ṣẹ́ẹ̀sì láàárín ìṣísẹ̀ 24. Ayò náà dára fún ẹni tó bá rò pé ẹni tó ń dáàbò bo ara rẹ̀ kò lè jà.

Bí Funfun bá ti ọmọ ogun rẹ̀ sí e4 (lẹ́tà ń tọ́ka sí ìlà òró pátákó, nọ́ńbà sì ń tọ́ka sí ìlà ìbú), ẹ ti tiyín sí c6; bí ó bá fi d4 tẹ̀ lé e, d5 ló kàn. Èyí ni ìdáàbòbò Caro-Kann. Nígbà tí Mieses ti ọmọ ogun e4 kọjá sí e5, Kann kọ́kọ́ mú bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jáde sí f5, kí ó tó ti e6. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ti e6 ti sé bíṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ mọ́lé. Bíṣọ́ọ̀bù Dúdú pa bíṣọ́ọ̀bù Funfun ní d3, ayaba Funfun sì pa á padà.

Láti ibẹ̀, d4 ni kí ẹ dojú kọ. Kann ti c5, ó gbé ẹṣin sí c6 àti ayaba sí b6, ó sì mú ẹṣin kejì gba h6 lọ sí f5. (Ẹṣin kì í wúlò létí pátákó, ṣùgbọ́n ibùsọ̀ lásán ni h6 jẹ́ fún un.) Ó fi ọmọ ogun c5 jẹ d4 kí ìlà c lè ṣí, ó sì gbé ilé ìṣọ́ sí c8. Funfun ní tirẹ̀ ti ti f4, èyí tó ṣí ọ̀nà ìdábùú tó lọ bá ọba rẹ̀ ní g1.

Ní ìṣísẹ̀ 13, ẹṣin c6 jẹ ọmọ ogun d4, ẹṣin Funfun jẹ ẹ́, bíṣọ́ọ̀bù Dúdú sì bọ́ sí c5, ó de ẹṣin náà mọ́ ọba rẹ̀: bí ẹṣin bá kúrò, ọba yóò wà nínú ewu. Lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹ ara wọn tán ní d4, tí ayaba Funfun sì dúró síbẹ̀, Kann gbé ilé ìṣọ́ rẹ̀ lọ sí c1, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìṣọ́ d1 tó ń ṣọ́ ayaba náà. Bí ilé ìṣọ́ d1 bá jẹ ẹ́, ayaba d4 di ohun jíjẹ. Bí ayaba Funfun bá jẹ ayaba b6, Dúdú yóò kọ́kọ́ fi ṣẹ́ẹ̀kì (ìkọlù sí ọba tí a gbọ́dọ̀ dáhùn lójú ẹsẹ̀) jẹ d1, kí ọmọ ogun a7 tó gbẹ̀san. Mieses sá ọba sí f2, ilé ìṣọ́ rẹ̀ sì lọ.

Ìyókù kò pẹ́. Ilé ìṣọ́ Dúdú méjèèjì wọ ìlà àkọ́kọ́ Funfun, níbi tí ẹṣin b1 àti ilé ìṣọ́ a1 kò tíì ṣí ẹsẹ̀ rí. Bí ẹṣin bá kúrò, ilé ìṣọ́ lọ. Bí ó bá dúró, òun fúnra rẹ̀ lọ. Mieses juwọ́ sílẹ̀.