Bí mo ṣe fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ọ̀rá tí a fi ń di nǹkan (láílọ́ọ̀nù) ní Ìkòròdú

Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n ni kí ẹ wá. Bó bá ti pọ́n, sítáàṣì inú rẹ̀ ti ń di ṣúgà, làálàá lásán nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi tọ àwọn tó ń dín ìpékeré ní Sàbó lọ. Ìyá tó kó àpò kan fún mi ní, "Ṣé ewúrẹ́ lo fẹ́ kó o fún?" Mo ní, "Rárá, mà, ọ̀rá ni mo fẹ́ fi ṣe." Ó wò mí títí, ó ní, "Ọlọ́run á bá ẹ ṣe é, ọmọ mi."

Mo gé e wẹ́wẹ́, mo rẹ ẹ́ sínú omi tí mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí kó má baà dúdú. Mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo sẹ́ ẹ bí ẹni ń ṣe ògì, mo jẹ́ kó silẹ̀, mo ń da omi òkè nù títí omi náà fi mọ́. Ohun tó kù nísàlẹ̀ ni mo sá. Kì í pọ̀ o!

Sítáàṣì gbígbẹ ṣíbí ìjẹun 4 ni mo lò, omi ṣíbí ìjẹun 16, fínígà ṣíbí tíì 4, gilisarín ṣíbí tíì 4. Àwọn tó ń ta èròjà ọṣẹ àti ìpara máa ń ní gilisarín, omi kíki kan tí kò láwọ̀. Ẹ má fojú kéré fínígà. Oríṣi okùn tíntìntín méjì tí ojú kò lè rí ló wà nínú sítáàṣì: amylose tó gùn gbọọrọ, àti amylopectin tó lẹ́ka. Àwọn ẹ̀ka yẹn ni fínígà ń gé, kí ọ̀rá náà lè tẹ́jú. Gilisarín á wá wọ àárín àwọn okùn ọ̀hún kí wọ́n lè máa yọ̀ lára wọn. Láìsí i, ṣe ni yóò máa fọ́.

Mo po gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo gbé e kaná. Iná kékeré ni, ẹ má sì dáwọ́ ríro dúró. Bó bá gbóná tó nǹkan bíi 65°C, á bẹ̀rẹ̀ sí í ki, funfun rẹ̀ á sì máa ṣí. Mo tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí gíláàsì tí mo fi òróró pa, mo gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ ní sùúrù, ọ̀rinrin ọ̀sà wa níhìn-ín kì í jẹ́ kó tètè gbẹ.

Láti oṣù kìíní 2024 tí ìjọba Èkó ti fòfin de ike fómù tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ, ìbéèrè táwọn èèyàn ń bi mí ni bóyá tèmi lè gba ìrẹsì gbígbóná. Kò lè gbà á. Omi àti ooru á mú un rọ̀. Ẹ̀pà yíyan, ìpékeré, irúgbìn, ìwọ̀nyẹn ni mo ń dì sínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó le ju tèmi lọ, ẹ dín gilisarín kù sí ṣíbí tíì 2.