Lẹ́tà Àyẹ̀wò Ikùn fún Bàbá Ẹni Ọdún 65: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Ìdílé Wa ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin tó bá wọ ọdún tí yóò pé ẹni 65 máa ń gba lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba, pé kó wá ṣe àyẹ̀wò ikùn. Ọ̀pọ̀ bàbá ń jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan torí pé nǹkan kan kò dùn wọ́n. Ìdí tí wọ́n fi kọ lẹ́tà náà gan-an nìyẹn: ohun tí wọ́n ń wá, ìyẹn wíwú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ikùn (AAA lédè Gẹ̀ẹ́sì), kì í sábà dunni títí dọjọ́ tí yóò bẹ́.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tóbi jù lọ lára èèyàn gba inú ikùn kọjá. Bí ọjọ́ orí bá ń gorí ọjọ́ orí, ara iṣan náà lè rẹ̀ níbì kan, kó sì máa wú díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á ya sínú ikùn, nǹkan bí ẹni 8 nínú 10 tó bá ṣẹlẹ̀ sí ló sì ń kú. Ó wọ́pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ. Sìgá ló ń fà á jù, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń dá kún un. Bí bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹni bá ti ní in rí, kí onítọ̀hún má ṣe fi àyẹ̀wò yìí ṣeré. Àwọn aláwọ̀ funfun ló ń ṣe jù wá lọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń ṣe àwọn èèyàn wa náà, lẹ́tà náà kò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Bí iṣẹ́ yìí ṣe di iṣẹ́ ìlú

Ní 2002 ni àwọn oníwádìí tó ṣiṣẹ́ ní Portsmouth, Southampton, Winchester àti Oxford gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde. Wọ́n ti kó ọkùnrin bíi 67,800 jọ, láti ẹni ọdún 65 sí 74, wọ́n pe ìdajì wọn fún skáàn (fífi ẹ̀rọ wo inú ikùn), wọn kò pe ìdajì yòókù. Láàárín nǹkan bí ọdún 4, ikú tí iṣan wíwú yìí ń fà fi ìdá 42 nínú 100 dín kù láàárín àwọn tí wọ́n pè. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìjọba náwó sí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2009, nígbà tó fi di 2013, ó ti kárí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Mínísítà ètò ìlera ló ń fa iṣẹ́ náà lé NHS England lọ́wọ́ pẹ̀lú owó rẹ̀. NHS England á wá bá ilé ìwòsàn tàbí àjọ kan ní agbègbè kọ̀ọ̀kan tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Nínú ìwé náà ni wọ́n ti kọ ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ pè, bí skáàn ṣe gbọ́dọ̀ péye tó, àti bí ẹni tí iṣan rẹ̀ ti wú jù ṣe gbọ́dọ̀ tètè rí oníṣẹ́ abẹ. Àdéhùn náà tún sọ pé kí wọ́n wá ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í sábà jẹ́ ìpè. Ibi tó kàn wá jù nìyí, torí pé ládùúgbò tí ìyà ti ń jẹ èèyàn ni iye tó ń lọ ti kéré jù, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa ń gbé. Wọ́n ti sanwó iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá lọ kò ní san kọ́bọ̀.

Ohun tí ẹ lè ṣe nílé

Orúkọ tó wà lọ́dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, ni wọ́n fi ń pe èèyàn. Bàbá tó kó láti Peckham lọ sí Dagenham tí kò sọ fún GP rẹ̀, ilé àtijọ́ ni lẹ́tà rẹ̀ ń lọ. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá wọn pe GP, kí ẹ bi wọ́n ní àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù tó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àgbà wa ni ọjọ́ orí inú ìwé wọn kéré sí ti ara wọn. Ti inú ìwé ni NHS mọ̀. Bí bàbá bá ti ju 65 lọ nínú ìwé, tí kò sì ṣe àyẹ̀wò yìí rí, kó má dúró de lẹ́tà kankan: òun fúnra rẹ̀ lè pe ọ́fíìsì àyẹ̀wò agbègbè rẹ̀ láti gba ọjọ́. Bí lẹ́tà bá dé nígbà tí wọ́n wà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ẹ pè kí wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú. Bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá já geere lẹ́nu wọn, ẹ béèrè fún ògbufọ̀ Yorùbá. Ọ̀fẹ́ ni.

Kí wọ́n wọ bùbá àti ṣòkòtò tó rọrùn. Nínú yàrá náà, wọ́n á dùbúlẹ̀, wọ́n á ká bùbá sókè. Wọn kò ní bọ́ra sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ á fi jẹ́ẹ̀lì tútù pa ikùn wọn, á sì máa ti ẹ̀rọ kékeré kan káàkiri lórí rẹ̀, ẹ̀rọ kan náà tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aboyún. Kò sí abẹ́rẹ́, wọn kò ní gba ẹ̀jẹ̀. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 lọ, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ń sọ èsì.

Bí fífẹ̀ iṣan náà kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 3, ó parí, wọn kò ní pè wọ́n mọ́. Láti 3 sí 4.4, ọdọọdún ni wọ́n á máa wò ó. Láti 4.5 sí 5.4, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni, ẹni tó bá sì fẹ́ lọ sílé pẹ́ gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bó bá tó 5.5, wọ́n á fi wọ́n ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ abẹ iṣan ẹ̀jẹ̀, tó yẹ kó rí wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá tó bá ń wa bọ́ọ̀sì tàbí lọ́rì gbọ́dọ̀ sọ fún DVLA, àjọ tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀, bí wọ́n bá rí wíwú kankan.

Iṣẹ́ abẹ náà ní ewu tirẹ̀: díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún tó bá ṣe é lè kú, àwọn mìíràn sì wà tí wíwú tiwọn ì bá má bẹ́ láéláé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè ìfẹ́ inú ẹni kí wọ́n tó ṣe skáàn. Síbẹ̀, mo gbà pé ó sàn kéèyàn mọ̀, kó sì jókòó pẹ̀lú dókítà àti ẹbí rẹ̀ pinnu.

Ẹ má ṣe rò pé àyẹ̀wò yìí kan prostate, ẹṣẹ́ kan tí ọkùnrin ní lábẹ́ àpò ìtọ̀, o. Kò kàn án rárá. Jẹjẹrẹ prostate ń mú nǹkan bí ẹnì kan nínú ọkùnrin aláwọ̀ dúdú mẹ́rin ní UK, bí a bá sì ka gbogbo ọkùnrin pọ̀, ó jẹ́ nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́jọ. Kò sí lẹ́tà tó ń pe gbogbo ọkùnrin fún ìyẹn. Ọkùnrin tó bá ti pé 50 lè béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA lọ́wọ́ GP fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin aṣáájú ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì àyẹ̀wò agbègbè yín. Ẹ bi wọ́n ibi tí wọ́n ti ń ṣe skáàn, iye bọ́ọ̀sì tí àgbà á wọ̀ kó tó débẹ̀, àti bóyá ẹ̀rọ wọn lè wá sí gbọ̀ngàn yín. Ẹ̀rọ náà ṣeé gbé kiri. Ẹ jẹ́ kó hàn nínú lẹ́tà yín pé ẹ mọ̀ pé àdéhùn wọn ní kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í wá, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí wọ́n á dá yín lóhùn.