Ara Ríro Lásán Ni àbí Àrùn Ńlá?

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ọmọ mi. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìsánlú ni mo wà. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ti Àbújá wálé wá bá bàbá wọn kọ ebè, ilẹ̀kùn mi ò ní sinmi. Itan ro wọ́n lóru, wọ́n gbé fóònù, fóònù ní ALS ni, àrùn ńlá tó ń gba agbára lọ́wọ́ ẹran ara díẹ̀díẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ mi ni pé: ìgbà wo lo ṣiṣẹ́, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ́? Ara ríro iṣẹ́ kì í sábà dé lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ kejì ló ń yọjú, á le sí i fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan ó ti lọ.

ALS ò rí bẹ́ẹ̀. Àìlágbára ló sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìrora. Ọwọ́ kan tàbí ẹsẹ̀ kan ni, á sì máa burú sí i láti oṣù dé oṣù. Ó ṣọ̀wọ́n, àwọn tó ti lé ní 50 ọdún ló sì máa ń mú jù.

Nítorí náà, agbára ni kó o yẹ̀ wò. Bọ́ bàtà. Fi gìgísẹ̀ nìkan rìn yí yàrá ká, kó o tún fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn. Lóṣòó, kó o dìde láìfọwọ́ ti orúnkún. De bọ́tìnnì, fi ọwọ́ kọ̀ọ̀kan yí kọ́kọ́rọ́. Bó o bá ń ké “yéè” ṣùgbọ́n tó o ń ṣe é, fọkàn balẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá ń wọ́ nílẹ̀, tàbí tí kọ́kọ́rọ́ ò yí lọ́wọ́ kan, bí kò tilẹ̀ dùn ọ́ rárá, lọ rí dókítà.

Ẹran tó ń fò fìrì-fìrì lábẹ́ awọ ńkọ́? Àárẹ̀, àìsùn, kọfí, àní àníyàn fúnra rẹ̀ ń fà á. Ọmọkùnrin kan tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi wú, ó ní òun ń yẹ̀ ẹ́ wò!

Àmọ́ bí ìtọ̀ bá dúdú bíi kóòkù lẹ́yìn iṣẹ́ àṣekára, bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń kú bọ̀ wá sókè láàárín ọjọ́ díẹ̀, bí ẹ̀yìn bá ń dùn ọ́ tó ò sì lè tọ̀, tàbí tí ẹnu ṣàdédé wọ́, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kódà bí ilẹ̀ ti ṣú. Bí ibà bá bá ara ríro rìn, lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ara ríro lásán? Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ìrìn díẹ̀, parasitamọ́ọ̀ bó bá le. Ẹni tó bá fẹ́ fi paraga gbé òògùn mì, kó má kan ilẹ̀kùn mi.