Nígbà tí jẹjẹrẹ prostate kò bá gbọ́ oògùn họ́mónù mọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: PSA bàbá wa, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣọ́ jẹjẹrẹ prostate, ti wálẹ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀. Ó ti tún ń gòkè báyìí, bẹ́ẹ̀ wọn ò pa abẹ́rẹ́ họ́mónù wọn jẹ. Ṣé oògùn náà ò ṣiṣẹ́ mọ́ ni?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n yẹ testosterone, họ́mónù ọkùnrin tó ń bọ́ jẹjẹrẹ yìí, wò nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yẹn ni pé kó rẹ testosterone sílẹ̀ kó má tó 50 ng/dL. Àwọn yàrá àyẹ̀wò kan á kọ ọ́ ní 1.7 nmol/L. Bó bá ṣì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, jẹjẹrẹ kò tíì ya alágídí, abẹ́rẹ́ ni kò ràn án. Bóyá ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá kí wọ́n tó gún un, tàbí kó jẹ́ pé irú oògùn yẹn ni kò bá ara wọn mu. Wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n sì lè yọ kórópọ̀n. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí àwọn èèyàn ṣe ń sáré wá oògùn olówó gọbọi kiri láìṣe àyẹ̀wò kékeré yìí.

PSA ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò sì tó gbé ìdájọ́ kà. Ó gbọ́dọ̀ gòkè léraléra, kó sì fi ó kéré tán 2 ng/mL àti ìdá kan nínú mẹ́rin ju iye tó kéré jù lọ tó ti wálẹ̀ dé rí.

Ìbéèrè: Testosterone tèmi wà nílẹ̀ pátápátá. Kí ló wá ń bọ́ jẹjẹrẹ yìí? Ṣé kí n kúkú jáwọ́ nínú abẹ́rẹ́?

Ẹ má jáwọ́ o. Kórópọ̀n nìkan kọ́ ló ń ṣe irú họ́mónù yìí: àwọn ẹṣẹ́ kékeré tó wà lórí kíndìnrín ń ṣe díẹ̀, jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ sì lè máa dá a ṣe. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tún máa ń sọ ojú tí wọ́n fi ń gba họ́mónù di púpọ̀, débi pé ìwọ̀nba tó kù nínú ara á tó wọn lò. Bí ẹ bá wá dá abẹ́rẹ́ dúró, oúnjẹ lẹ tún ń gbé fún wọn. Ńṣe ni wọ́n máa ń fi oògùn tuntun kún un.

Bicalutamide àti flutamide, àwọn oògùn oníhóró tó ń dí ojú họ́mónù yẹn, ló yàtọ̀. Bí ẹ bá ń lo ọ̀kan nínú wọn mọ́ abẹ́rẹ́, dókítà lè ní kí ẹ dá a dúró, torí oògùn tó ń dènà jẹjẹrẹ tẹ́lẹ̀ lè padà máa ràn án lọ́wọ́. PSA àwọn kan máa ń wálẹ̀ fúngbà díẹ̀ nítorí ìdádúró yìí nìkan.

Ìbéèrè: PSA ń gòkè, àmọ́ scan ò rí nǹkan kan.

Oṣù mélòó ló fi ń di ìlọ́po méjì? Bó bá jẹ́ oṣù 10 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, apalutamide, enzalutamide tàbí darolutamide lè mú kó pẹ́ kí jẹjẹrẹ náà tó tàn kálẹ̀. Bó bá ń fà jùyẹn lọ, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ lè tó.

Ìbéèrè: Ó ti wọ egungun. Èwo ló kàn?

Ohun tí ẹ ti lò ló máa pinnu. Ẹni tí kò tíì lò ju abẹ́rẹ́ lọ lè bẹ̀rẹ̀ abiraterone tàbí enzalutamide, oògùn oníhóró sì ni méjèèjì. Abiraterone ń bá prednisone, oògùn steroid kan, rìn. Ẹ máa jẹ́ kó tó wákàtí méjì tí ẹ ti jẹun kí ẹ tó lò ó, kí ẹ sì dúró fún wákàtí kan kí ẹ tó tún jẹun. Wọ́n á máa ṣọ́ ẹ̀dọ̀, potassium àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Enzalutamide kò nílò prednisone, ṣùgbọ́n ó ń mú kó rẹni, ó sì lè gbéni ṣubú. Ẹni tí wárápá bá ti gbé rí gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà.

Docetaxel tún wà, oògùn kẹ́mò tí wọ́n ń fà sínú iṣan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Bí ibà bá mú yín lásìkò rẹ̀, tó dé 38°C, ẹ má fi paracetamol bò ó mọ́lẹ̀ kí ẹ sùn. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Radium-223, abẹ́rẹ́ onítànṣán, wà fún ẹni tí egungun ń dùn, tí jẹjẹrẹ náà kò sì tíì dé ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró.

Ìbéèrè: Abiraterone ò ràn án mọ́. Ṣé ká bọ́ sórí enzalutamide?

Lójú tèmi, kò yẹ kó jẹ́ òun lẹ máa kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ọ̀nà họ́mónù kan náà ni àwọn méjèèjì ń dí, sẹ́ẹ̀lì tó bá ti mọ bó ṣe ń yẹ ọ̀kan sílẹ̀ sì sábà máa ń yẹ èkejì. Ìwádìí CARD tó jáde ní 2019 wo àwọn ọkùnrin tó ti lo docetaxel àti ọ̀kan nínú méjèèjì: àwọn tó bọ́ sórí cabazitaxel, kẹ́mò mìíràn, pẹ́ láyé ju àwọn tó kàn pààrọ̀ sí èkejì.

Kí ẹ tó pinnu, ẹ béèrè àyẹ̀wò àbùdá, pàápàá BRCA1 àti BRCA2. Bí àléébù bá wà níbẹ̀, oògùn oníhóró tó ń jẹ́ olaparib lè ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé àjogúnbá ni àléébù náà, ọ̀rọ̀ kan àwọn ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, torí ó tún ń fa jẹjẹrẹ ọmú àti ti ibi tí ẹyin obìnrin ń gbé. Ẹ béèrè PSMA PET náà, scan tó ń fi ibi tí jẹjẹrẹ prostate wà hàn, nítorí láìsí i, wọn kò lè mọ̀ bóyá lutetium-177, oògùn onítànṣán, á bá ọ̀rọ̀ mu.

Ìbéèrè: Kẹ́mò ẹ̀ẹ̀kejì la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, PSA sì tún lọ sókè.

Ẹ fara balẹ̀. Ó lè ga ní ìbẹ̀rẹ̀ kó tó wálẹ̀. Bí àìsàn náà kò bá burú sí i lójú tàbí lára, wọ́n máa ń fún un tó ọ̀sẹ̀ 12.

Ìbéèrè: Ẹ̀yìn ń dun bàbá gan-an láti ìjẹta, wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn ń kú. Ìpàdé dókítà ku ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ má dúró de ìpàdé kankan. Jẹjẹrẹ lè ti máa tẹ ọ̀pá inú eegun ẹ̀yìn, bí wọ́n bá sì pẹ́, ẹsẹ̀ lè má gbéra mọ́. Kó má lè tọ̀, tàbí kí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ máa bọ́ fúnra wọn, ìkìlọ̀ kan náà ni. Ẹ gbé wọn lọ sí ibi ìtọ́jú pàjáwìrì lóru òní, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn. Bí ẹ bá ti débẹ̀, ẹ sọ pé jẹjẹrẹ prostate tó ti wọ egungun ni, ẹsẹ̀ sì ti ń kú, kí wọ́n ṣe MRI gbogbo ọ̀pá ẹ̀yìn.