Bí Ará Ilé Ṣe Lè Ran Ọmọ Tó Ní Ọ́tísímù Lọ́wọ́ Láti Sọ̀rọ̀

Ẹ ó rí ọmọ ọdún méjì àbọ̀ tí kò pe màmá rí, ṣùgbọ́n tí yóò kọ orin ìpolówó ọṣẹ orí tẹlifíṣọ̀n láìfo ọ̀rọ̀ kan. Ará ilé á ní, "Agídí ló ń ṣe." Kì í ṣe agídí. Ó lè jẹ́ ọ́tísímù, ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ṣe ń dàgbà, tó ń mú kó ṣòro fún ọmọ láti bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ohùn wà lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí kò tíì yé e ni pé èèyàn lè fi ohùn yẹn pe ẹlòmíì, kí ẹni náà sì dáhùn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, inú ilé la sì ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gbé ẹ̀bi kúrò lórí ìyá. Nígbà kan ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà kan ń sọ pé ìyá tí kò fa ọmọ mọ́ra ló ń fa ọ́tísímù. Bernard Rimland, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá tí òun náà bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kọ ìwé tako wọn ní 1964, ìmọ̀ ìṣègùn sì ti pa ọ̀rọ̀ náà tì. Bí ọpọlọ ṣe ń dàgbà ló fà á, àjogúnbá sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀ gan-an. Ẹni tó ń sọ pé emèrè ni, tàbí tó ń wá ẹni tó ṣe é, ń fi àkókò ọmọ ṣòfò ni.

Etí ni kí ẹ yẹ̀ wò ṣáájú. Pé ọmọ sáré wá nígbà tó gbọ́ ariwo ọ̀rá bisikíìtì kò túmọ̀ sí pé ó ń gbọ́ gbogbo ìró ọ̀rọ̀. Ẹ mú un lọ sí ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn ńlá, bíi UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH ní Èkó. Ẹ béèrè fún M-CHAT-R pẹ̀lú, ìbéèrè 20 tí òbí ń dáhùn nípa ọmọ oṣù 16 sí 30. Kì í ṣe ìdájọ́. Ó kàn ń fi ọmọ tó yẹ kí dókítà wò dáadáa hàn ni. Ọmọ tó pé oṣù 16 láìsọ ọ̀rọ̀ kan, tó pé ọdún méjì láìso ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, tàbí tí kì í na ìka sí nǹkan kí ẹ lè bá a wò ó, ẹ má ní kó ṣì dàgbà sí i ná. Abẹ́ ahọ́n tí wọ́n ní kí ẹ gé ńkọ́? Ahọ́n tó so mọ́lẹ̀ lè dí ọmọ lọ́wọ́ láti mu ọmú, kò lè dí i lọ́wọ́ láti na ìka sí ẹyẹ.

Ẹ má dúró de àbájáde àyẹ̀wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ nílé.

Èdè wo ni kí ẹ sọ? Èyí tó ń jáde lẹ́nu yín láìronú. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló ń ní kí òbí fi Yorùbá sílẹ̀, àmọ́ ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí àwọn ọmọ tó ní ọ́tísímù nínú ilé elédè méjì kò rí i pé èdè méjì ń fa ọ̀rọ̀ wọn sẹ́yìn. Òbí tó bá ń wá Gẹ̀ẹ́sì kiri kó tó bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ á kàn dín ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń gbọ́ kù ni. Lójú tiwa, Yorùbá tilẹ̀ rọrùn fún ìbẹ̀rẹ̀: wá, gbé, ṣí, dà, jẹ, ìró kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ sì pọ̀ ju ti àwọ̀ àti òǹkà tí gbogbo wa ń sáré kọ́ ọmọ lọ. Ọmọ tó mọ "ṣí i" ti ní ohun tó lè fi bẹ èèyàn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ wà níbẹ̀. Màmá àgbà ń pè é ní Àjàní, bàbá ń pè é ní Tóbi, ìyá ń pè é ní "Ọkọ mi", ẹ̀gbọ́n ń pè é ní "Bọ́ì". Gbogbo wọn á wá máa ṣàròyé pé kì í dáhùn. Ẹ mú ẹyọ kan, kí gbogbo ilé máa lò ó fún oṣù mẹ́ta. Ẹ má pè é lásán: nígbà tí nǹkan dídùn bá fẹ́ dé ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ pè é. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ fẹ́ gba nǹkan tàbí bá a wí nìkan lẹ ń pè é, á kọ́ láti má dáhùn.

Ìṣẹ́jú 15, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ fi fóònù sí yàrá míì. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Ẹ jókòó sílẹ̀ tàbí lórí àpótí, kí ojú yín bá ojú ọmọ dọ́gba. Lẹ́yìn ìyá, nínú ọ̀já, kò lè rí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ wo ohun tó ń ṣe, kí ẹ bá a ṣe é. Bó bá ń yí táyà ọkọ̀ ìṣeré, ẹ wá ọkọ̀ tiyín, kí ẹ̀yin náà máa yí i, kí ẹ ní, "Yí." Ọmọ tí kò tíì ní ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan ni kí ẹ máa sọ sí i, èyí tó ti ní ẹyọ kan, ẹ fi èkejì kún un: ó ní "omi", ẹ ní "mu omi." Ẹ jáwọ́ nínú "Kí nìyí? Kí lorúkọ rẹ̀?" tí ń bọ̀ bí òjò. Bákan náà ni "Wo ojú mi!" Ẹ má di orí ọmọ mú.

Ẹ wo bó ṣe rí nídìí ìwẹ̀. Ẹ bu omi sínú kọ́ọ̀pù, ẹ gbé e sókè: "Ó... yá!" kí ẹ dà á sí ẹsẹ̀ rẹ̀. (Kì í ṣe orí, ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ omi lórí rárá.) Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, láìyí ohùn padà. Ní ẹ̀kẹrin, ẹ gbé kọ́ọ̀pù sókè, ẹ ní "Ó...", kí ẹ dákẹ́. Ẹ máa wò ó, kí ẹ ka ení dé ẹ̀wá nínú. Bó bá gbójú sókè, bó ta ẹsẹ̀, bó ní "à", ẹ dà á lójú ẹsẹ̀: "Yá!" Ó ti bá yín sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ibi tó ń bà jẹ́ jù ni pé àgbàlagbà kì í lè dákẹ́ kọjá ení-èjì, á ti bá ọmọ sọ ọ́, tàbí kó máa pariwo "Sọ ọ́! Sọ pé 'dà á'!" Níbẹ̀ ni eré ti di ìdánwò, tí ọmọ á kọ ẹ̀yìn síni.

Ọ̀nà yìí bá bisikíìtì inú ike tí ìdérí rẹ̀ le mu. Kó gbé ike wá bá yín ti tó. Ẹ ní "ṣí i", ẹ ṣí i, ẹ fún un ní ìdajì, kó lè padà wá. Ẹ má lo ẹ̀pà, torí ó lè há ọmọ kékeré lọ́fun. "Kò sọ ọ́, kò níí jẹ ẹ́" kò ṣiṣẹ́: igbe ni yóò kọ́.

Bó bá ń wí àwítúnwí, ẹ má dá a dúró. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ tó ní "Ṣé o fẹ́ omi?" ti mú odindi gbólóhùn yín, pẹ̀lú ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀, bó ṣe gbọ́ ọ. Ẹ sọ èyí tó yẹ kó sọ fún un: "Mo fẹ́ omi", kí ẹ sì gbé omi fún un. Ẹ má fi ìbéèrè mìíràn lé e.

Ẹ ya fọ́tò kọ́ọ̀pù rẹ̀ gan-an, bàtà rẹ̀ àti oúnjẹ tó fẹ́ràn, ẹ tẹ̀ wọ́n jáde, kí ẹ lẹ méjì mọ́ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ á tó, kó lè fi wọ́n tọrọ ohun tó fẹ́. Màmá àgbà á ní àwòrán á mú un ya ọ̀lẹ. Kì í dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ó máa ń ṣínà fún un nígbà míì. Màmá yìí kan náà wúlò gan-an: ẹ fi bojúbojú àti oríkì lé e lọ́wọ́, torí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lónìí ni wọ́n á sọ ọ́ lọ́la. Àwọn ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́ wọn ní nǹkan kan péré: kí wọ́n má máa bá a sọ ohun tó fẹ́ kó tó fúnra rẹ̀ na ọwọ́.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tàbí àmì ọwọ́ tuntun sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà, kí ẹ sì ya fídíò ìṣẹ́jú méjì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Dókítà á rí ohun tó pọ̀ nínú rẹ̀ ju "kò kàn ń sọ̀rọ̀ ni" lọ. Bí ọ̀rọ̀ tó ti ní bá ń pòórá, tàbí tó bá ń dákẹ́ lójijì tí ojú rẹ̀ dúró síbì kan, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Wárápá wọ́pọ̀ láàárín wọn ju ti àwọn ọmọ yòókù lọ, fídíò yẹn sì ni dókítà á kọ́kọ́ béèrè.