Bí A Ṣe Ń Fi MariaDB RC Sẹ́gbẹ̀ẹ́ MySQL Lórí Windows

Ọmọ ìyá kan náà ni MySQL àti MariaDB, ètò kọ̀ǹpútà méjì tó ń tọ́jú dátábéèsì. Monty Widenius, tó wà lára àwọn tó dá MySQL sílẹ̀, ló ya MariaDB kúrò lára rẹ̀ ní 2009. Orúkọ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, My àti Maria, ló sì fi pè wọ́n. Ìbátan yìí gan-an ló ń dá ìjà sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá kó wọn sínú kọ̀ǹpútà kan. Pọ́ọ̀tù 3306, ìyẹn nọ́ńbà ilẹ̀kùn tí a ń gbà kàn sí wọn, ni àwọn méjèèjì ń dù. Ẹ ṣe wọ́n bí orogún: kí kálukú ní yàrá tirẹ̀, ilẹ̀kùn tirẹ̀ àti orúkọ tirẹ̀.

RC (Release Candidate) ni ẹ̀yà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, tí wọn ò tíì ní kí a fi ṣiṣẹ́ gidi. Ẹ má fi ìwé gbèsè oníbàárà sínú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ohun tó wà nínú MySQL, dátábéèsì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ (ẹ fi orúkọ dátábéèsì tiyín rọ́pò soobu):

mysqldump -u root -p --result-file=D:\soobu.sql soobu

Inú Command Prompt ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ ṣí i gẹ́gẹ́ bí Administrator. Mi ò kì í lo PowerShell fún iṣẹ́ yìí. Àmì > inú rẹ̀ máa ń yí ọ̀nà tí wọ́n fi kọ fáìlì padà, ẹ̀dà náà ò sì ní ṣeé kó padà. Àṣẹ `sc` tí a máa lò nísàlẹ̀ sì tún ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe níbẹ̀.

Lórí ìkànnì MariaDB, ZIP (fáìlì tí a kàn ń tú) ni kí ẹ mú, ẹ fi MSI (èyí tó ń fi ètò sórí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀) sílẹ̀. MSI rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè bi yín bóyá kí ó sọ dátábéèsì tó ti wà nílẹ̀ di tuntun, ọwọ́ tó ń kánjú á sì tẹ “Next”. Ẹ tú ZIP náà sí C:\mdb-rc.

Ibi tó ń da àwọn ènìyàn láàmú la dé yìí. Ọmọ iṣẹ́ kan tí mo mọ̀ ní òun ò ní lè máa kó data lẹ́ẹ̀mejì, ó wá darí MariaDB sínú fódà Data ti MySQL 8.0, èyí tó wà ní C:\ProgramData tí Windows fi pamọ́. Ọ̀nà tí MySQL 8.0 ń gbà to àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ kò bá ti MariaDB mu mọ́. Sáfà MariaDB kọ̀, kò dìde. Ọmọ náà ò sì ní ẹ̀dà kankan. Nítorí náà, fódà tuntun tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ni kí ẹ lò, kí ó má sì wà nínú C:\mdb-rc:

cd C:\mdb-rc\bin
mariadb-install-db.exe --datadir=C:\mdb-data --service=MariaRC --port=3307 --password=eyi_to_wu_yin
sc start MariaRC

Bí 3307 bá ti ní oní-nǹkan, `netstat -ano | findstr 3307` á fi hàn yín. Ẹ wò ó bóyá my.ini kan (fáìlì ìṣètò wọn) wà ní C:\ tàbí C:\Windows. Bí ó bá wà, ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà, torí àwọn méjèèjì ló lè kà á.

Láti wọlé:

C:\mdb-rc\bin\mariadb.exe -u root -p -P 3307

P ńlá ni pọ́ọ̀tù, p kékeré ni páswọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá kọ “-p 3307” ti kan ilẹ̀kùn MySQL ní 3306, á sì máa wá dátábéèsì tó ń jẹ́ 3307. Mo ti rí ẹni tó fi odindi ọ̀sán wá a. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ bi í léèrè ẹni tí í ṣe:

SELECT VERSION(), @@port, @@datadir;

Bí ẹ ò bá rí C:\mdb-data, ẹ jáde. Ẹni tí kò fẹ́ràn ojú dúdú Command Prompt lè lo HeidiSQL, ètò tí a ń fi máùsì tẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Bí XAMPP (àkójọ ètò fún àwọn tó ń ṣe ìkànnì) bá wà lórí kọ̀ǹpútà yín, MariaDB ni ohun tó ń pè ní MySQL. Ẹ dá a dúró ná.

Bí RAM yín bá kéré, `sc config MariaRC start= demand` ni kò ní jẹ́ kí ó máa jí fúnra rẹ̀. Àlàfo tó wà lẹ́yìn “start=” ṣe pàtàkì.

Bí RC bá sú yín, `sc stop MariaRC`, lẹ́yìn náà `sc delete MariaRC`, kí ẹ tó pa fódà méjèèjì rẹ́. Tí sáfà náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́, Windows ò ní gbà kí ẹ pa wọ́n.